Ajá ṣubú, ó ń gbọ̀n: ṣé dìgbòlugi ni?

Ajá kan ṣubú lójú títì ní Tanke, n'Ílọrin, ó ń gbọ̀n, itọ́ funfun ń hó lẹ́nu rẹ̀. Àwọn kan ní dìgbòlugi ni, àwọn kan ní àsàsí ni, ẹnì kan ti ń wá igi. Ìṣẹ́jú 2 ò pé, ajá dìde, ó lọ mumi.

Ṣé dìgbòlugi nìyẹn?
Kò jọ ọ́. Wárápá ló jọ. Dìgbòlugi kì í wá kó tún lọ. Tó bá ti yọjú, ńṣe ló ń le sí i títí ajá á fi kú.

Kí ló tún lè fà á?
Oògùn eku, òtapiapia, ooru. Bó bá ń pòòyì tí orí rẹ̀ sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ kọ́kọ́ fura sí etí.

Ajá mi ò lè panu dé, bíi pé eegun há a. Ṣé kí n yọ ọ́?
Ẹ má kiwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu o! Ohun táa mọ̀ ni pé ajá dìgbòlugi á máa sáré kiri, á máa bu èèyàn jẹ. Ṣùgbọ́n oríṣi kan wà tó dákẹ́ rọ́rọ́: àgbọ̀n rẹ̀ á rọ, itọ́ á máa kán, ohùn gbígbó rẹ̀ á yí padà, kò ní lè gbé nǹkan mì. Ẹni tó bá wò ó, á ní eegun ló há a. Itọ́ yẹn gan-an ló sì ń gbé àrùn náà, ojú ọgbẹ́ kékeré lára ìka tó fún un láti wọlé. Ìyá kan ládùúgbò wa ti mú ṣíbí láti fi wo ọ̀fun ajá rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló já a gbà. Ṣíbí ọbẹ̀ ni o.

Epo pupa ńkọ́?
Rárá. Ajá tó ń gbọ̀n ò lè gbé e mì dáadáa, ẹ̀dọ̀fóró lepo ń bá lọ.

Kí ni kí n wá ṣe?
Ẹ gbé àga kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ wo aago, ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀, torí bẹ́ ẹ bá fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran, á ti máa ju ìrù bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe rí. Tó bá ti lé ní ìṣẹ́jú 5, ẹ má dúró mọ́.

Ó ti bu ọmọ jẹ ńkọ́?
Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 15 gbáko. Kò sí ata, kò sí eérú. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Tí àmì àrùn bá ti yọ lára èèyàn, agbára káká lẹnì kan fi ń yè é.

Ká pa ajá náà ńkọ́?
Ẹ tì í mọ́lé, kí dókítà ẹran máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Tára rẹ̀ bá ṣì le lẹ́yìn ìyẹn, kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó buni jẹ. Ẹ má torí ìyẹn dá abẹ́rẹ́ ọmọ dúró o.

Ṣé ajá Tanke yẹn ti gba abẹ́rẹ́ tọdún yìí?
Olówó rẹ̀ ní òun ṣì ń wá káàdì.