Ìdá 30 nínú 100 tí Turnitin gbé jáde kò sọ akẹ́kọ̀ọ́ di olè

Ẹ̀rù kan ti wọ àwọn ọmọ wa tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà lára, ó sì ti ran àwọn òbí tó ń sanwó ilé ìwé: wọ́n gbà pé kọ̀ǹpútà ló ń dájọ́. Ọmọ fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́, Turnitin, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé ìwé fi ń wá ọ̀rọ̀ tó jọ ti ibòmíràn, gbé ìdá 30 nínú 100 jáde, gbogbo ilé dààmú pé wọ́n ti mú un lólè. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ohun tí Turnitin ń ṣe kò ju pé kó wo bí ọ̀rọ̀ ṣe tò tẹ̀lé ara wọn nínú iṣẹ́ ọmọ náà, kó sì wá ibòmíràn tí wọ́n ti tò bẹ́ẹ̀ rí: lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú jọ́nà, nínú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ fà yọ, tó fi àmì àyọlò sí, tó dárúkọ ẹni tó ni ín, ó lè kà á mọ́ ọn. Àní ìbéèrè tí olùkọ́ fún gbogbo kíláàsì, ó lè kà á. Ẹni tó sì sanwó fún ẹlòmíràn kó bá a kọ ọ́ ní tuntun, Turnitin lè gbé òdo jáde fún un, bí ẹni pé kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń sọ pé iye yẹn kì í ṣe ìdájọ́. Olùkọ́ ló gbọ́dọ̀ ṣí i, kó kà á.

Àwọn tó ń darí ẹ̀kọ́ ìwé kíkọ ní yunifásítì Amẹ́ríkà ní ẹgbẹ́ kan, Council of Writing Program Administrators. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2003, wọ́n fi ìwé kan síta tó la ọ̀rọ̀ yìí sí méjì. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọ̀rọ̀ tàbí èrò ẹlòmíràn, tó fi orúkọ onítọ̀hún pamọ́, ó jí i kọ. Ẹni tó gbìyànjú láti dárúkọ, àmọ́ tí kò mọ ibi tí àmì àyọlò ti ń bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ń parí sí, ṣe ló ṣi orísun lò. Ìbáwí tọ́ sí ti àkọ́kọ́. Ẹ̀kọ́ ni èkejì ń fẹ́.

Ibi tó ń kó bá àwọn ọmọ jù rèé. Ká ní ìwé tí ọmọ kà sọ pé: “Òjò Oṣù Kẹjọ ba ọ̀pọ̀ oko àgbàdo jẹ́, àwọn àgbẹ̀ sì bọ́ sínú gbèsè.” Ọmọ wá kọ: “Òjò oṣù Ògún run ọ̀pọ̀ oko yangan, àwọn àgbẹ̀ sì wọ gbèsè.” Egungun gbólóhùn náà ṣì wà níbẹ̀ pérépéré, aṣọ ló pààrọ̀. Rebecca Moore Howard, olùkọ́ ìwé kíkọ, ló pe èyí ní patchwriting láàárín ọdún 1990 sí 1999, bí ìgbà tí èèyàn ń lẹ àbùlẹ̀ mọ́ aṣọ. Ó ní ohun tí èèyàn ń ṣe nìyẹn nígbà tí ohun tó ń kà bá ṣì ju agbára rẹ̀ lọ. Ní 2010, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ 18 wò, kò sì sí ẹyọ kan níbẹ̀ tó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ kókó odindi ìwé tó kà. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣà. Lójú tèmi, ìwé kíkà gan-an ló yẹ ká bá wọn tún ṣe.

Ọmọ Yorùbá tó ń wí pé “tótó, ó ṣe bí òwe” níwájú àgbà ti mọ̀ láti kékeré pé ọ̀rọ̀ ní ẹni tó ni ín. Bí wọ́n ṣe ń fi í hàn lórí ìwé ní Amẹ́ríkà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ fi ń béèrè àkọ́kọ iṣẹ́ ṣáájú, tó ń pe ọmọ jókòó, tó ń fi ìka tọ́ irú gbólóhùn òkè yẹn kí máàkì tó wọ̀ ọ́. Ẹni tó ra iṣẹ́ kò lè bọ́ lọ́wọ́ ìbáwí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí olùkọ́ bá pe ọmọ yín lórí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ sọ fún un kó má pa fáìlì kankan rẹ́. Kó kó ìwé tó kà àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ dání. Tó bá jẹ́ Google Docs ló fi kọ ọ́, kó ṣí ìtàn àtúnṣe rẹ̀. Ọjọ́ àti wákàtí tó ń kọ ọ́ wà níbẹ̀. Kó wá ní kí àwọn jọ ṣí ohun tí Turnitin gbé jáde, kí wọ́n kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan.