Sọ́fúwíà ìkọ̀wé Yorùbá

Sọ́fúwíà ìkọ̀wé Yorùbá ni àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà àti fóònù tí a fi ń tẹ ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn, tí a fi ń tọ́jú wọn pamọ́, tí a sì fi ń wá wọn jáde nígbà tí a bá nílò wọn. Kíbọ́ọ̀dù, fọ́ǹtì, ìlànà Unicode àti àwọn ètò tó ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì wà lára wọn. Ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sílé rárá: orúkọ ìlú náà gan-an ní lẹ́tà tí kíbọ́ọ̀dù ọjà kò ní. Mẹ́rin irú rẹ̀ wà nínú Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí wọ́n fi sọ yunifásítì ibẹ̀, méjì wà nínú Ọ̀ṣun tí í ṣe ìpínlẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan sì wà nínú Iléṣà tó múlé tì í.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé

Lẹ́tà 25 ló wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá. Ìpàdé tí àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ṣe ní Èkó ní 1875 wà lára ohun tó fẹsẹ̀ ọ̀nà ìkọ̀wé náà múlẹ̀, àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 sì ni àwọn ilé-ìwé ń tẹ̀lé. Àmì ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ ni a ń kọ sórí fáwẹ̀lì. Ti àárín kì í sábà ní àmì. Ẹni tó bá yọ àmì ohùn kúrò lórí ọ̀rọ̀ ti da ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ Ìbàdàn àti ọ̀kọ̀ ológun pọ̀ mọ́ra wọn. Bó bá tún yọ ti abẹ́ lẹ́tà, oko náà á dara pọ̀ mọ́ wọn.

Lórí tàípúráítà, ọgbọ́n ọwọ́ lè yanjú rẹ̀: akọ̀wé á tẹ lẹ́tà e, á padà sẹ́yìn, á yí bébà sókè díẹ̀, á sì tẹ àmì ìdánudúró sábẹ́ rẹ̀. Láyé tàípúráítà yìí, ní 1970, ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, títí kan sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, tó fi di dandan pé kí wọ́n ṣe ìwé ẹ̀kọ́ tuntun ní Yorùbá. Ọdún 1987 ni yunifásítì náà di Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀.

Bí lẹ́tà ṣe ń di nọ́ńbà

Ọgbọ́n yíyí bébà kò ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, torí kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ló mọ̀. ASCII, àtẹ tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1963, ní àyè 128 péré, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n ṣe é fún. ISO 8859-1 tó wá lẹ́yìn rẹ̀ fi lẹ́tà àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù kún un, àwọn èdè wọ̀nyẹn sì ṣe Yorùbá lóore láìmọ̀: á, à, é, è, í, ì, ó, ò, ú àti ù wà níbẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Ẹni tó ń kọ "ilé" á kọ ọ́ tán láìsí wàhálà. Bó bá dé "Ifẹ̀", ọwọ́ á dúró.

Ọgbọ́n tí àwọn ènìyàn dá sí i nígbà náà ni fọ́ǹtì tó ń pààrọ̀ ojú lẹ́tà. Wọ́n á mú àmì kan tí Yorùbá kì í lò, wọ́n á ya lẹ́tà ẹ sí ipò rẹ̀. Lójú ẹni tó ní fọ́ǹtì yẹn, ìwé náà dùn ún wò. Nínú kọ̀ǹpútà, àmì àtijọ́ yẹn ló ṣì jókòó síbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé fáìlì náà lọ sórí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì ọ̀hún, gbogbo ẹ inú rẹ̀ á bọ́ aṣọ, wọ́n á sì padà di ohun tí wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ fáìlì àtijọ́ ṣì wà bẹ́ẹ̀, a kò sì lè wá ọ̀rọ̀ nínú wọn àfi bí a bá kọ́kọ́ yí wọn padà.

Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ kìíní jáde ní 1991, ló yanjú èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kò yí padà níbikíbi lágbàáyé: ẹ jẹ́ U+1EB9, ọ jẹ́ U+1ECD, ṣ jẹ́ U+1E63. Yorùbá nìkan kọ́ ló ń lo àwọn nọ́ńbà yìí. Ẹ àti ọ wà nínú ìkọ̀wé èdè Vietnam pẹ̀lú, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ohùn ni àmì abẹ́ lẹ́tà dúró fún, kì í ṣe fáwẹ̀lì mìíràn. Ṣ ní tirẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi ń kọ ọ̀rọ̀ Sanskrit àti Lárúbáwá ní lẹ́tà Róòmù.

Ibi tí wàhálà kù sí ni ibi tí àmì abẹ́ lẹ́tà àti àmì ohùn ti pàdé. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dúró fún ẹ́, ẹ̀, ọ́ tàbí ọ̀. Unicode kì í sì fi irú wọn kún àtẹ rẹ̀ mọ́, nítorí pé a lè tò wọ́n pọ̀: a ó kọ ẹ, U+0300 tó jẹ́ àmì ohùn ìsàlẹ̀ á sì tẹ̀lé e. Nípa bẹ́ẹ̀, Ifẹ̀ tí ojú kà sí lẹ́tà mẹ́ta jẹ́ nọ́ńbà mẹ́rin nínú kọ̀ǹpútà.

Ọ̀nà kan ṣoṣo kọ́ ni a lè gbà tò ó. Ẹnì kan lè fi ẹ ṣáájú kó fi àmì ohùn tẹ̀lé e. Ẹlòmíràn lè lo è tó ti wà nílẹ̀ látijọ́, kó wá fi àmì abẹ́, U+0323, sí i. Ẹnì kẹta lè bẹ̀rẹ̀ láti orí e lásán, kó fi àmì abẹ́ sí i, lẹ́yìn náà kó fi ti ohùn sí i. Ẹnì kẹrin á fi ti ohùn ṣáájú ti abẹ́. Ojú kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Unicode ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ọ̀kan náà, ó sì ní ìlànà tó ń mú wọn dọ́gba: NFC á sọ gbogbo wọn di ẹ pẹ̀lú àmì ohùn, NFD á tú gbogbo wọn sí e, àmì abẹ́ àti àmì ohùn. Ètò tí kò bá ṣe ìmúdọ́gba yìí kó tó wá ọ̀rọ̀ lè sọ pé kò rí Ifẹ̀ nínú ìwé tí Ifẹ̀ kún inú rẹ̀ bámúbámú. Nínú gbogbo àṣìṣe tó so mọ́ ìkọ̀wé Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà, bóyá ni èyí tó le ju èyí lọ láti mọ̀ wà, torí kò sí ohun tó hàn sí ojú pé ó bàjẹ́.

Ọ̀nà karùn-ún tún wà tí ìmúdọ́gba kò lè tún ṣe. Nínú ìwé mìíràn, ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán ni wọ́n fi sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì roboto. Ìlà yẹn ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+0329, Unicode kò sì kà á sí ẹ̀dà U+0323. Ẹni tó bá ní ìwé méjì, tí ọ̀kan lo ìlà tí èkejì lo àmì roboto, yóò fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ ọ̀kan sí èkejì kí ìwákiri tó lè bá méjèèjì.

UTF-8, tí Ken Thompson àti Rob Pike gbé kalẹ̀ ní 1992, ni ọ̀nà tí wọ́n sábà máa ń gbà kó àwọn nọ́ńbà yìí sínú fáìlì. Báìtì ni ẹyọ tí a fi ń wọn àyè inú kọ̀ǹpútà. Nínú UTF-8, "Ife" tí kò ní àmì gba báìtì 3. "Ifẹ̀" tí a tò ní ìlànà NFC gba báìtì 7. Báìtì kan ní ibi mẹ́jọ, ojú méjì ni ibi kọ̀ọ̀kan ní, èyí sì lè fara hàn ní ọ̀nà 256. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ náà ní ojú mẹ́jọ tó lè ṣí tàbí kó dé, odù Ifá sì jẹ́ 256. Ìṣirò wọn dọ́gba, inú àwọn tó ń ti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà gun Òkè Ìtasẹ̀ á sì dùn sí i, ṣùgbọ́n ìṣirò nìkan kò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì.

Bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́

Windows ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá nínú ètò èdè rẹ̀. Nínú Word, ẹni tó bá tẹ 1EB9, tó sì tẹ Alt pẹ̀lú X, á rí i tí nọ́ńbà náà á di ẹ. Lórí Mac, kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní ABC Extended ní àmì abẹ́ lórí Option pẹ̀lú X. Linux ní kíbọ́ọ̀dù Nàìjíríà tó ní apá Yorùbá, Ìgbò àti Hausa. Keyman, tí SIL, ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè, gbà ní 2015, máa ń jẹ́ kí ènìyàn fúnra rẹ̀ ṣe kíbọ́ọ̀dù tó wù ú. Fún fọ́ǹtì, Charis SIL, Gentium àti Noto máa ń gbé àmì ohùn sí ibi tó yẹ lórí ẹ àti ọ. Nínú àwọn fọ́ǹtì mìíràn, àmì náà lè ṣí kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀ tàbí kó di àpótí òfìfo.

Gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ sọ́fúwíà. Konyin ti ilé-iṣẹ́ LANCOR yàtọ̀, torí kíbọ́ọ̀dù tí a ń fọwọ́ kàn ni: ó ní bọ́tìnnì Shift mẹ́rin, kí àwọn lẹ́tà èdè Nàìjíríà lè rí àyè lórí rẹ̀.

Lórí fóònù, kíbọ́ọ̀dù Gboard àti SwiftKey ní Yorùbá.

Àtẹ̀jíṣẹ́ SMS

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba báìtì 140. Bí gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ bá wà nínú àtẹ GSM, ìyẹn àtẹ lẹ́tà tí wọ́n ṣe fún fóònù alágbèéká, lẹ́tà 160 ni yóò gbà. Bí ẹyọ lẹ́tà kan ṣoṣo bá ti jáde kúrò nínú àtẹ yẹn, gbogbo iṣẹ́ náà á bọ́ sí ètò mìíràn, àyè á sì dín kù sí 70. Ẹni tó kọ lẹ́tà 100 pẹ̀lú ẹ kan péré nínú rẹ̀ ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ méjì ránṣẹ́.

Ohun tó ṣàjèjì ni irú lẹ́tà olóhùn tí àtẹ GSM ní. À, è, ì, ò àti ù wà níbẹ̀ pátá. Nínú àwọn tó ní ohùn òkè, é nìkan ló wà. Ó jọ pé àwọn èdè Yúróòpù bí èdè Ítálì ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Àbájáde rẹ̀ fún Yorùbá ni pé "olè dé" á wọlé sínú 160 láìsí ariwo, ṣùgbọ́n "olówó dé" á sọ ọ́ di 70. WhatsApp àti irú rẹ̀ kò ní ìdíwọ́ yìí, íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbà kọjá.

Ìtò orúkọ

Kọ̀ǹpútà tó bá ń fi nọ́ńbà to ọ̀rọ̀ á gbé Ẹ̀bùn sẹ́yìn gbogbo orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Y. Àkójọ CLDR, tí àwọn tó ń bójú tó Unicode ń ṣe, ní ìlànà ìtò Yorùbá: lẹ́tà ẹ tẹ̀lé e, gb tẹ̀lé g, ọ tẹ̀lé o, ṣ tẹ̀lé s. Ó tún ya Yorùbá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sọ́tọ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi ɛ, ɔ àti sh kọ ohun tí Nàìjíríà ń fi ẹ, ọ àti ṣ kọ.

Fífi àmì padà sí ọ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní àmì, ètò tó ń ka ìwé sókè kò sì lè mọ bí yóò ṣe pe "oko" bí kò bá wo ọ̀rọ̀ tó yí i ká. Iṣẹ́ lórí èyí pọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Odétúnjí Ọdẹ́jọbí ti ṣiṣẹ́ lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè sọ Yorùbá pẹ̀lú ìró ohùn rẹ̀. Ní 2017, Asahiah, Ọdẹ́jọbí àti Adágúnodò tẹ ìwádìí kan jáde lórí fífi àmì ohùn padà. Ohun tó mú tiwọn yàtọ̀ ni pé sílébù ni wọ́n fi ṣe ẹyọ tí kọ̀ǹpútà ń wò, dípò lẹ́tà tàbí odindi ọ̀rọ̀. Èyí bá èdè mu, torí orí sílébù ni ohùn Yorùbá ń jókòó sí, ìbáà jẹ́ fáwẹ̀lì, ìbáà jẹ́ n tàbí m tó dá dúró gẹ́gẹ́ bí sílébù.

Ní Ìbàdàn, Túndé Adégbọlá àti ALT-I, ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ fún àwọn èdè Áfíríkà, ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí òun àti Odilinye gbé jáde ní 2012 wo bí pípọ̀ àkójọ ọ̀rọ̀ ṣe ń mú kí àmì tí kọ̀ǹpútà fi sí i péye sí i. Ní 2018, Iroro Orife lo ètò alẹ́kọ̀ọ́ jíjinlẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń túmọ̀ èdè, tó ń gba gbólóhùn tí kò ní àmì wọlé, tó sì ń gbé èyí tó ní àmì jáde.

Lílò ní Ilé-Ifẹ̀

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní yunifásítì ló ń ru ẹrù yìí jù. Iṣẹ́ àṣekágbá wọn kún fún oríkì, ẹsẹ Ifá àti àpẹẹrẹ gbólóhùn tí kò wúlò bí kò bá ní àmì, bẹ́ẹ̀ iye tí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ń gbà fún ojú ewé kan kò sábà ro ti àmì mọ́ ọn. Ọ̀nà tó ń dín ìṣòro kù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ fáìlì rẹ̀ di PDF tó gbé fọ́ǹtì sínú kó tó fi fìláàṣì gbé e lọ, torí bí wọ́n bá ṣí fáìlì Word rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, fọ́ǹtì lè yí padà kí àmì sì fọ́n ká.

Àwọn kan kì í tẹ àmì rárá. Wọ́n á tẹ ìwé náà jáde ní pẹlẹbẹ, wọ́n á wá fi bírò fi àmì sí i láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn. Ẹ̀dà orí bébà á pé. Èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà kò ní nǹkan kan, bí ẹnikẹ́ni bá sì tún un tẹ̀ jáde lọ́jọ́ iwájú, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ á tún di ọ̀kan náà.