Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Ìmọ́lẹ̀ Ìràwọ̀ Yẹ Ìṣirò Wò

Ní alẹ́ oṣù Karùn-ún, bí òjò bá ti fọ ojú ọ̀run mọ́, ẹni tó bá jáde kúrò níbi iná Ìjẹ̀bú-Òde, tó kọjú sí gúúsù ní nǹkan bí aago 10, lè rí ohun kan tó ń ṣe bàìbàì bí ìràwọ̀. Omega Centauri ni: ìṣùpọ̀ rogodo tó ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 ìràwọ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rin nǹkan bí ọdún 17,000 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Irú ìṣùpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fi ń yẹ ìṣirò wọn wò, ìyẹn ìṣirò tó ń sọ bí ìràwọ̀ ṣe ń yí padà bó ṣe ń dàgbà. Iyì rẹ̀ ni pé gbogbo ìràwọ̀ inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jìnnà sí wa bákan náà. Èyí tó mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ lójú wa, ó mọ́lẹ̀ jù ú lọ ní tòótọ́. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ọjọ́ orí àwọn ìràwọ̀ náà tún sún mọ́ra, bíi ti rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan tó ń wọ Ojúde Ọba. (Omega Centauri yàtọ̀ díẹ̀: ìran tó wà nínú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.) Ìwúwo ló wá ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Èyí tó wúwo ń tètè jó háídírójìn àárín rẹ̀, gáàsì tó ń mú un tàn, tán.

Wọ́n á ya àwòrán ìṣùpọ̀ náà gba inú gíláàsì méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀, nítorí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ méjèèjì ló ń sọ bí ìràwọ̀ ṣe gbóná tó. Àárín ìṣùpọ̀ ni iṣẹ́ wà: ìràwọ̀ fún mọ́ra débi pé ìmọ́lẹ̀ wọn wọnú ara wọn. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ wo àwọn ìràwọ̀ tó dá dúró, kó lè mọ bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan ṣoṣo ṣe ń tàn ká, lẹ́yìn náà á fi bátànì yẹn yọ àwọn yòókù lára ara wọn. Ètò kọ̀ǹpútà DAOPHOT tí onímọ̀ ìràwọ̀ Peter Stetson gbé jáde ní 1987 ló jẹ́ kí iṣẹ́ yìí gbilẹ̀. Wọ́n tún máa ń fi ìràwọ̀ àtọwọ́dá sínú àwòrán náà, kí wọ́n wo mélòó ni kọ̀ǹpútà rí padà. Láìṣe bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba iye tí wọ́n kà gbọ́.

Kíkà yìí gan-an ló ṣe pàtàkì jù. Kò sí ẹni tó lè jókòó wo ìràwọ̀ kan fún bílíọ̀nù ọdún. Ṣùgbọ́n bí ìṣirò bá ní ìràwọ̀ tó ti jó háídírójìn àárín rẹ̀ tán ń lo àkókò ìlọ́po 10 ní ìpele kan ju òmíràn lọ, ìlọ́po 10 ìràwọ̀ ló yẹ ká bá níbẹ̀. Bí iye náà kò bá dọ́gba, ìṣirò ló ní àléébù, tàbí kíkà.

Ìdánwò tó le jù wà lára àwọn ìràwọ̀ ńlá pupa, ìyẹn àwọn tó ti jó háídírójìn àárín wọn tán tí wọ́n sì wú. Wọ́n ń mọ́lẹ̀ sí i títí hílíọ̀mù àárín wọn, ohun tí háídírójìn tó jó dà, á fi gbiná, lẹ́yìn náà ìmọ́lẹ̀ wọn á já wálẹ̀. Èérún kékeré tí wọ́n ń pè ní neutrino máa ń gbé ooru jáde láti àárín wọn. Bó bá ń gbé e jáde ju bí ìṣirò ṣe sọ lọ, hílíọ̀mù kò ní tètè gbiná, ìràwọ̀ pupa tó mọ́lẹ̀ jù nínú ìṣùpọ̀ á sì mọ́lẹ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ.