Sọ́kẹ́ẹ̀tì TCP ní èdè assembly

Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ojú ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà kan ń gbà bá ètò mìíràn sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ orí kọ̀ǹpútà kan náà ni àwọn méjèèjì wà, tàbí kí ọ̀kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí èkejì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ètò lóde òní kì í fojú kàn án rárá, nítorí pé Python, Java àti irú wọn ti bò ó mọ́lẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí dá lé bí a ṣe ń kọ ọ́ ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ní èdè assembly (èdè tó sún mọ́ ti ẹ̀rọ jù lọ) lórí Linux, níbi tí kò ti sí alágbàtà láàárín ètò àti kernel, ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ.

Ìtàn

Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley ló gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì síta nínú 4.2BSD, ẹ̀yà Unix tó jáde ní 1983. TCP, ìlànà tó ń kó báìtì láti ètò kan dé òmíràn, ti wà ṣáájú rẹ̀: Vint Cerf àti Bob Kahn ti kọ̀wé lórí ìlànà náà ní 1974, RFC 793, ìwé tó ṣàlàyé ìlànà náà, sì jáde ní 1981. Ní 2022 ni RFC 9293 gbapò rẹ̀.

Pípe kernel

Lórí Linux x86-64 (irú ẹ̀rọ Intel àti AMD oníbíìtì 64), inú régísítà rax, àyè kékeré kan nínú ẹ̀rọ, ni nọ́ńbà ìpè tí a fẹ́ pe kernel ń wà. Àwọn ohun tí ìpè náà nílò ń wọ inú rdi, rsi, rdx, r10, r8 àti r9, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn, lẹ́yìn náà ni a ó kọ àṣẹ syscall. Nọ́ńbà socket ni 41, ti connect ni 42, ti accept ni 43, ti bind ni 49, ti listen sì ni 50. Read (0), write (1) àti close (3) tí a ń lò fún fáìlì náà ni a ń lò fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, torí pé nọ́ńbà bíi ti fáìlì ni kernel ń fún un. Nígbà tó jẹ́ pé nọ́ńbà fáìlì 0, 1 àti 2 (yàtọ̀ sí nọ́ńbà ìpè) ti ní oníǹkan, sọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ sábà máa ń gba 3.

Ètò tó ń retí ìpè láti ọ̀dọ̀ ètò mìíràn yóò lo socket (láti dá sọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀), bind (láti so ó mọ́ àdírẹ́sì), listen (láti bẹ̀rẹ̀ sí í retí) àti accept (láti gba àlejò wọlé). Nọ́ńbà tuntun ni accept ń dá padà, 4 ni lọ́pọ̀ ìgbà, orí rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yóò ti máa lọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 3 yóò ṣì máa retí àlejò mìíràn. Socket àti connect nìkan ni ẹni tó ń pè nílò.

Ohun méjì ló sábà máa ń kó ìdààmú bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Èkíní ni pé àṣẹ syscall máa ń ba ohun tó wà nínú rcx àti r11 jẹ́, ẹni tó bá ń ka iye nínú rcx yóò rí i pé iye náà ti pòórá. Èkejì ni àdírẹ́sì tí a ń fún bind àti connect. Báìtì 16 ni: 2 fún irú àdírẹ́sì, 2 fún pọ́ọ̀tì (nọ́ńbà ìlẹ̀kùn ètò), 4 fún IP (nọ́ńbà kọ̀ǹpútà), 8 tó kù sì jẹ́ òdo. Báìtì ńlá ló gbọ́dọ̀ ṣáájú nínú pọ́ọ̀tì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, báìtì kékeré ni x86 ń fi ṣáájú. Ẹni tó bá kọ 8080 bó ṣe rí yóò bá ara rẹ̀ lórí pọ́ọ̀tì 36895. Bind kò ní ráhùn. Ẹni tó bá kan ìlẹ̀kùn 8080 ni yóò gba -111 nínú rax, ìyẹn ni pé kò sí ẹni tó ń retí ìpè níbẹ̀. Ní ìpele yìí, iye tó kéré sí òdo nínú rax ni àmì àṣìṣe, ó sì yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìpè kọ̀ọ̀kan.

Ìṣàn báìtì

Èyí ni ọkàn gbogbo ọ̀rọ̀ náà. TCP ń ṣèlérí pé báìtì yóò dé bó ṣe tò, kò ṣèlérí pé ìwé méjì tí a fi ránṣẹ́ yóò dé bí ìwé méjì. Bí ẹni da garawa omi méjì sínú páìpù kan ni: ẹni tó wà lẹ́nu páìpù kò lè mọ ibi tí ti àkọ́kọ́ parí sí.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá fi èyí hàn kedere ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Nínú UTF-8, ọ̀nà tí a fi ń sọ lẹ́tà di báìtì, "Ògbómọ̀ṣọ́" jẹ́ báìtì 20 bí a bá kọ ọ́ ní ọ̀nà tó kúrú jù: 2 fún Ò, 1 fún g, 1 fún b, 2 fún ó, 1 fún m, 5 fún ọ̀, 3 fún ṣ, 5 fún ọ́. Bí read bá dá 9 padà, àárín ọ ni ó ti gé e. Báìtì méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ nìkan ló dé. Ètò tó bá tẹ ohun tó gbà sójú ìwòye lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ yóò tẹ wúruwùru. Ọ̀nà tó dájú ni kí a kọ́kọ́ fi gígùn ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nínú báìtì 4, kí olùgbà sì máa pe read léraléra títí iye náà yóò fi pé. Write náà lè má gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun náà nílò àtúnpè. Òdo láti ọ̀dọ̀ read túmọ̀ sí pé ẹnìkejì ti parí ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Dídán an wò ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìlú yìí ni Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá (LAUTECH), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní laptop kan ṣoṣo lè fi 127.0.0.1 (àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀) dán ètò méjèèjì wò láìná kọ́bọ̀ lórí dátà. Bó bá fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́ pè é, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ẹni tó ń lo dátà fóònù sábà máa ń pín àdírẹ́sì IP kan lò pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìpè láti òde kì í sì í rí ọ̀nà wọlé. Ẹ̀rọ tó ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lóde ni wọn yóò fi ṣe ibi ìpàdé.

Iná tó lọ lójijì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ pàtàkì. Bí kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì bá kú, kò ráyè sọ pé òun ń lọ; read tó wà lódìkejì lè dúró títí láé. SO_KEEPALIVE, àṣàyàn tó ń mú kernel wádìí bóyá ẹnìkejì ṣì wà, wà fún èyí, ṣùgbọ́n bí Linux ṣe tò ó, ìṣẹ́jú àáyá 7200, wákàtí méjì gbáko, ni yóò kọjá kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ó dára kí a dín in kù.

Àwọn ètò mìíràn

Linux oníbíìtì 32 àtijọ́ kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ìpè kan, socketcall, nọ́ńbà 102. Lórí Windows, nọ́ńbà ìpè lè yí padà láti ẹ̀yà kan sí èkejì, nítorí náà ws2_32.dll, fáìlì Windows tó ń ṣe iṣẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ni àwọn tó ń kọ assembly níbẹ̀ ń gbà kọjá.