Gálákísì

Gálákísì ni agbo ìràwọ̀ ńlá, pẹ̀lú gáàsì, eruku àti èròjà òkùnkùn (ohun tí a kò lè fojú rí), tí agbára òòfà so pọ̀ tí wọn kò fi fọ́n ká. Àwọn tó kéré jù lè ní ẹgbẹ̀rún ìràwọ̀ mélòó kan. Àwọn tó tóbi jù ní ju tírílíọ̀nù kan lọ. Òmíràn rí pẹrẹsẹ, apá rẹ̀ sì lọ́ bí omi tó ń yí. Òmíràn ṣù bí ẹyin. Òmíràn kò ní ìrísí pàtó.

Milky Way ni èyí tí Oòrùn àti ayé wa wà nínú rẹ̀. Ó fẹ̀ tó 100,000 ọdún-ìmọ́lẹ̀: ìmọ́lẹ̀, tí nǹkan kan kò lè yára jù ú lọ, yóò rin 100,000 ọdún gbáko kó tó là á já. Ìràwọ̀ inú rẹ̀ wà láàárín 100 bílíọ̀nù sí 400 bílíọ̀nù. Ní àárín gbùngbùn rẹ̀ ni ihò dúdú kan, ibi tí òòfà ti lágbára débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde, wà tó wúwo tó mílíọ̀nù mẹ́rin Oòrùn. Níbi tí òkùnkùn alẹ́ bá ti ṣú dáadáa, ojú lásán ń rí Milky Way bí ọ̀já funfun tó nà gbọọrọ lójú ọ̀run. Àbàwọ́n dúdú tó wà lára ọ̀já náà kì í ṣe òfìfo rárá. Eruku tó fẹ́lẹ́ bí èéfín ló dínà ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbà kan wà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Milky Way nìkan ni gbogbo àgbáńlá ayé. Ní oṣù Kẹwàá 1923, Edwin Hubble, onímọ̀ ìràwọ̀, ya àwòrán Andromeda, tí a mọ̀ lónìí sí gálákísì mìíràn, sórí gíláàsì ní ibùdó ìwòràwọ̀ Mount Wilson, Amẹ́ríkà. Ó kọ «N» (nova) sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀ kan, ó rò pé èyí tó ṣàdédé tàn ni. Nígbà tó fi í wé àwọn àwòrán àtẹ̀yìnwá, ó rí i pé ńṣe ló ń mọ́lẹ̀, tó tún ń ṣe bàìbàì, lásìkò lásìkò. Ó fagi lé «N», ó kọ «VAR!» sí i, ìyẹn ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń yí padà. Onímọ̀ ìràwọ̀ Henrietta Leavitt ti fi hàn ṣáájú pé àsìkò tí irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń yí padà ló ń sọ bó ṣe mọ́lẹ̀ tó gan-an, èyí tí a lè fi mọ bó ṣe jìnnà tó. Andromeda jìnnà ju ohun tó lè wà nínú Milky Way lọ. Lónìí, a mọ̀ pé ó tó mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ọdún-ìmọ́lẹ̀ sí wa.

Háídírójìn àti hílíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú gáàsì gálákísì, ibi tó bá sì ti ṣù jọ ni a ti ń bí ìràwọ̀. Ìràwọ̀ ńlá tó bá bú gbàmù a máa tú èròjà inú rẹ̀ ká. Àtinú ìràwọ̀ tó ti kú ni irin inú ẹ̀jẹ̀ wa ti wá.

Síbẹ̀, ohun tó hàn kọ́ ló pọ̀ jù. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ Vera Rubin àti Kent Ford wọn eré tí ìràwọ̀ ń sá yí àárín gálákísì po. Ó yẹ kí àwọn tó wà létí máa falẹ̀, àmọ́ eré wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àwọn tó wà nínú mu. Bó bá jẹ́ ohun tó hàn nìkan ló ń fà wọ́n, wọn ìbá ti fò dànù. Ohun tí kò tan ìmọ́lẹ̀, tí kò sì dí i lọ́nà, ló di wọ́n mú: òun ni èròjà òkùnkùn.

Andromeda àti Milky Way ń sún mọ́ra. Bí gálákísì méjì bá wọnú ara wọn, ìràwọ̀ kì í sábà kọlu ìràwọ̀, nítorí àyè àárín wọn pọ̀ jọjọ. Gáàsì wọn ló máa ń forí gbárí, tí ìràwọ̀ tuntun á sì máa jáde níbẹ̀.