Ọ̀jọ̀gbọ́n ìrántí kò ní ìsọ̀yè nínú àpò

Bí ìdánwò BAC, èyí tí wọ́n fi ń parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, bá ti ń kanlẹ̀kùn ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu oní-zẹ́mìjàn (ọlọ́kadà), ẹ ó gbọ́ ọ ní ọjà Ouando: òyìnbó ti rí ìsọ̀yè, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń wádìí ọpọlọ ló fi pamọ́. Ó ti sú mi. Ẹni tó kàwé díẹ̀ nínú wọn á tún ní, "Ṣé ẹ ò gbọ́ nípa Kandel ni? Kí ni wọ́n torí ẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel?"

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo Eric Kandel náà, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń wádìí bí ọpọlọ ṣe ń rántí nǹkan. Vienna ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1929. Ọmọ ọdún 9 ni nígbà tí wọ́n sá fún Hitler lọ sí Amẹ́ríkà. Ìtàn àti lítíréṣọ̀ ló kọ́kọ́ kà ní Harvard kó tó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà. Ìtọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú ló wà lọ́kàn rẹ̀, àmọ́ ìdí ìgbín òkun kan tí wọ́n ń pè ní Aplysia ló lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ sí. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ìgbín yìí kò ju bí 20,000 lọ, àwọn kan sì tóbi débi pé ojú lásán rí wọn.

Ibí yìí ni wọn kì í fẹ́ gbọ́. Bí nǹkan bá kan ìgbín náà, ó máa ń sunkì, á fa ohun tó fi ń mí wọnú. Bẹ́ ẹ bá ń kàn án ṣáá, á mọ̀ pé kò séwu, kò ní sunkì mọ́. Wọ́n kàn án nígbà 40 léraléra lọ́jọ́ kan: ohun tó kọ́ kò lò ju ọjọ́ kan lọ. Wọ́n wá pín in, 10 lójúmọ́ fún ọjọ́ 4: ó rántí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ogójì náà ṣì ni o! Ohun tó yàtọ̀ ni pé ìrántí tó máa pẹ́ ń fẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ṣe purotéènì (èròjà tó fi ń kọ́ ara rẹ̀) tuntun, kí ìsopọ̀ àárín wọn sì yí padà, ìyẹn kì í sì í ṣe iṣẹ́ wéré. Àlàyé irú èyí ló gba Nobel lọ́dún 2000, òun àti àwọn méjì mìíràn. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀.

Kandel kúkú wá oògùn náà. Ní 1998, òun àti àwọn kan dá ilé-iṣẹ́ Memory Pharmaceuticals sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Nígbà tí 2008 fi máa parí, Roche, ilé-iṣẹ́ oògùn ńlá kan, ti rà á. Ìsọ̀yè dà? Òyìnbó tó ń fi omi sínú ike tà fún wa, ṣé òun ló máa rí ìsọ̀yè tí kò ní tà á?

Mi ò sọ pé wọn ò ní rí i láé. Ti àwọn baba wa náà, èyí tí wọ́n ń lá àti èyí tí wọ́n ń sín ní gbẹ́rẹ́, n kò bá a jà: ọmọ tó lá a ṣáà tún jókòó kàwé lẹ́yìn ẹ̀, ta ló máa wá sọ èyí tó ṣiṣẹ́?

Kóró inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà fáwọn ọmọ kí wọ́n má baà sùn mọ́jú ìdánwò lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Oorun gan-an wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀kọ́ dúró. Ẹ̀yin òbí, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé kí ló wà nínú ẹ̀. Mo bi ọ̀kan. Ó ní, "Oògùn BAC ni."