Gbígbé Jeep sókè: ìró ni wọ́n ká, ẹsẹ̀ ò kúrò nílẹ̀

Jeep Cherokee tí wọ́n ń pè ní XJ jáde fún ọdún 1984, ìlú Toledo ní ìpínlẹ̀ Ohio ni wọ́n sì ti ń ṣe é títí di 2001. Àbíkẹ́yìn wọn pàápàá ti lé ní ogún ọdún báyìí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ló ṣì wà níwájú ilé àwọn ará Amẹ́ríkà, tí ẹni tó ni ín ń fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì tàbí fọ rédíétọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti mọ́tò mìíràn, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ọjọ́ tí wọ́n bá pinnu láti gbé e sókè ni ìran bẹ̀rẹ̀.

Gbígbé sókè kò ju pé kí wọ́n yọ sípíríìngì iwájú, kí wọ́n fi èyí tó gùn jù ú lọ rọ́pò. Lẹ́yìn, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra bí ewé ló gbé mọ́tò dúró. Wọ́n á fi ẹyọ kan kún un tàbí kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ínǹsì 3 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé e. Nígbà tó bá wá dúró gàgàrà, aládùúgbò á ní, "Èyí á máa gorí òkúta kọjá láìfarakàn án báyìí." Irọ́ ni. Rárá, ká má pè é nírọ́ pátápátá: òótọ́ ìdajì ni, òótọ́ ìdajì yìí ló sì ń bí ni nínú jù.

Irin gbọọrọ kan ṣoṣo tó le koránkorán ló so táyà ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì, níwájú àti lẹ́yìn. Axle nìyẹn. Láàárín axle ni ìkòkò irin kan ti wú jáde, inú rẹ̀ ni gíà tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì wà. Elégédé ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é, ó sì jọ elégédé lóòótọ́. Òun ló sún mọ́ ilẹ̀ jù lọ lábẹ́ mọ́tò. Táyà ló gbé axle, axle ló gbé sípíríìngì, sípíríìngì ló gbé ara mọ́tò. Kí ẹ fi sípíríìngì tó ga tó òpó iná síbẹ̀, ara mọ́tò nìkan ni yóò lọ sókè. Elégédé ò ní kúrò lójú kan tó wà.

Ẹ wo obìnrin tó fẹ́ la odò kọjá. Ó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún. Ìró ò ní tutù mọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ odò, òkúta tó máa gbá a lọ́mọ ìka kò sì gbọ́ pé ẹnì kan káṣọ. Bó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òkúta, bàtà ni kó wọ̀, bàtà òjò ńlá tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn. Bàtà yẹn wá tóbi débi pé bí ìró bá wà nílẹ̀, yóò máa tẹ etí aṣọ, yóò sì gbé e ṣubú. Ìdí gan-an tó fi yẹ kó ká ìró nìyẹn: kí bàtà lè ráyè. Nínú ọ̀rọ̀ Jeep, táyà ni bàtà. Gbígbé sókè ò gbé elégédé kúrò lórí òkúta. Ó ń ṣí àyè sílẹ̀ fún táyà ńlá, kó má máa ha ara mọ́tò bí wọ́n bá ń kọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí bàtà náà fi kún un. Táyà 225/75R15 tó wọ́pọ̀ lára XJ ga ní ínǹsì 28.3. Ọ̀pọ̀ ń fi èyí tó ga ní ínǹsì 31 rọ́pò rẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 2.7, àmọ́ ìdajì rẹ̀ ló wà lábẹ́ axle, ìdajì yòókù wà lókè. Lẹ́yìn gbogbo owó àti òógùn yẹn, elégédé fi ínǹsì 1.35 lọ sókè. Ní ti òdodo, ikùn mọ́tò tó wà láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn kúrò nílẹ̀ dáadáa, imú rẹ̀ náà kì í tètè gbá òkè mọ́. Ìdajì tó jẹ́ òótọ́ nìyẹn.

Bàtà tuntun sì máa ń yí ìrìn padà. Ọ̀pá kan wà níwájú XJ tó ń jẹ́ track bar. Orí rẹ̀ kan wà lára mọ́tò lápá òsì, níbi tí awakọ̀ jókòó sí, orí kejì wà lára axle lápá ọ̀tún. Òun ni kì í jẹ́ kí ara mọ́tò yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí axle. Bí mọ́tò bá lọ sókè, ọ̀pá yìí á dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí i, gígùn rẹ̀ ò sì yí padà, á kúkú fa axle mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí táyà iwájú méjèèjì fi máa ń yọ sápá òsì lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé XJ sókè. Àwọn kan á lu ihò tuntun sí ìdí ọ̀pá náà, àwọn kan á ra èyí tó ṣeé fà gùn.

Ibi tó dùn jù ni apá mẹ́rin tó di axle iwájú mú láti ẹ̀yìn. Apá wọ̀nyí kúrú. Bí mọ́tò bá ga, wọ́n á dorí kọ ilẹ̀, wọ́n á fa axle sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n á sì yí i lójú ibi tó wà. Yíyí yẹn ni wàhálà. Ẹ wo fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ ológeere: kò dúró ṣánṣán, orí rẹ̀ fì sẹ́yìn sọ́dọ̀ ẹni tó gùn ún. Fífì yẹn wà lára ohun tó ń mú kẹ̀kẹ́ lọ tààrà nígbà tí ọmọkùnrin bá jọ̀wọ́ ọwọ́ méjèèjì kó lè ṣe fáàrí. Táyà iwájú mọ́tò ní irú fífì bẹ́ẹ̀, caster lorúkọ rẹ̀, ti XJ sì jẹ́ nǹkan bíi dígíríì 7 láti ilé iṣẹ́. Bí axle bá yí, caster á dín kù, sítíárìn á fúyẹ́ lọ́wọ́, mọ́tò á máa rìn kiri lójú títì bí ẹni tó bọ̀ láti ìdí ẹmu.

Oògùn rẹ̀ dà bí ohun tó rọrùn: fi apá ìsàlẹ̀ tó gùn díẹ̀ sí i, kó ti ìdí axle síwájú, caster á padà. Àmọ́ oríkèé tí táyà fi ń yí àti elégédé, ara axle kan náà ni wọ́n. Ẹ ò lè yí ọ̀kan kí ẹ fi èkejì sílẹ̀. Imú elégédé iwájú kọjú sẹ́yìn, ibẹ̀ ni propeller, ọ̀pá gígùn tó ń yí láti gbé agbára wá fún axle, ti wọlé. Bí caster bá ṣe ń padà, bẹ́ẹ̀ ni imú yẹn ń dorí kodò, tí ọrùn propeller ń tẹ̀, tí ó ń gbọ̀n. Gbé imú sókè kí propeller lè rọgbọ, caster á tún sá lọ. Kò sí sípánà tó lè tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á gbà kí caster dín díẹ̀ sí ti ilé iṣẹ́, á sì máa bá ayé lọ. Àwọn tó ya mọ́tò yìí ò gọ̀ rárá. Gíga kan ṣoṣo ni gbogbo igun yìí ti gbà fún ara wọn, wọ́n sì rí i.

Ní ti ẹ̀yìn, propeller ń wọ inú transfer case, àpótí gíà tó ń pín agbára fún axle iwájú àti tẹ̀yìn, ó ń wọlé, ó ń jáde bí idà nínú àkọ̀ bí mọ́tò ṣe ń fò. Òun náà á máa gbọ̀n lẹ́yìn gbígbé sókè. Oògùn olówó pọ́ọ́kú ni kí wọ́n ki irin kéékèèké sí abẹ́ ibi tó gbé transfer case rọ̀, kó lè sọ̀ kalẹ̀ ní ínǹsì 1. Ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ wọ́n gbé mọ́tò sókè kí ikùn lè kúrò nílẹ̀, wọ́n tún wá ń fa ikùn padà wálẹ̀! Oògùn gidi ni kí wọ́n gé ọ̀pá tó yọ lẹ́yìn transfer case kúrú, kí wọ́n sì fi propeller olóríkèé púpọ̀ sí i. Àwọn onísùúrù ti rí i pé propeller iwájú XJ mìíràn, èyí tí wọ́n yọ níbi tí òkú mọ́tò ń sùn, sábà máa ń bá ibẹ̀ mu.

Kí ọwọ́ tó dé gbogbo èyí, ìpẹtà ti ń dúró. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín ti bá bọ́ọ̀tì jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó le jù ni bọ́ọ̀tì òkè ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn, torí inú àpótí irin tí kò lẹ́nu ni wọ́n jó nọ́ọ̀tì wọn mọ́. Wọ́n á ta òróró sí i lálẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ìdámẹ́rin yíyí, kí wọ́n dá a padà, ìdámẹ́rin mìíràn. Bọ́ọ̀tì tó fẹ́ jáde máa ń ké kíí lábẹ́ sípánà. Èyí tó fẹ́ já máa ń kọ́kọ́ rọ̀ lọ́wọ́, bí ẹni pé ó ti gbà, ẹni tí kò bá mọ̀ á sì fi ayọ̀ tẹ̀ ẹ́ sí i. Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀tì ló já kúrò níbi tí wọ́n jó o mọ́, á máa bá bọ́ọ̀tì yí nínú àpótí, àfi kí wọ́n fi ayùn gé irin láti òkè kí ọwọ́ lè kan án.

Rọ́bà tó wà ní ojú apá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sábà máa ń bàjẹ́ láìmọ̀. Bọ́ọ̀tì máa ń fún àárín rọ́bà yìí pa, bí apá bá wá lọ sókè tàbí wálẹ̀, rọ́bà ló ń lọ́. Bí wọ́n bá fún un nígbà tí mọ́tò wà lórí jáàkì, tí táyà rọ̀ dirodiro, gíga yẹn ni rọ́bà á kà sí ilé. Bí mọ́tò bá balẹ̀, ó ti lọ́ tán, á sì máa wà ní lílọ́ tọ̀sán tòru títí yóò fi ya. Ọwọ́ lásán ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi dè é, kí wọ́n sọ mọ́tò kalẹ̀ sórí táyà, kí wọ́n mì ín dáadáa, kí wọ́n tó wọ abẹ́ lọ fún un pa.

Ó ku ọwọ́ tó ń ka eré. Táyà tó ga máa ń rìn jìnnà sí i lẹ́ẹ̀kan yíyí, nítorí náà nígbà tí ọwọ́ bá ń tọ́ka sí máìlì 60, mọ́tò ti ń sá ní nǹkan bíi 66. Gíà oníke kékeré kan lẹ́yìn transfer case ló ń ka yíyí náà. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á ka eyín rẹ̀ lábẹ́ iná, wọ́n á sì ra èyí tí eyín rẹ̀ dín díẹ̀.